Ohun tí Lavonia Mọ̀ Nípa Ilé Verlean

Nígbà tí Lavonia Tillery fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìdáná ilé-ìwé, gbogbo Harlow Springs rò pé iwájú ilé ni yóò jókòó sí, kó máa mu tíì oníyìnyín, kó máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Obìnrin náà ti bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ìlú, ó bu fún ọmọ wọn, ó sì ti ń bù fún ọmọ-ọmọ wọn. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti wà ní Houston, wọ́n ń san owó iná ara wọn, èyí tí í ṣe àdúrà tí abiyamọ ń gbà jù lẹ́yìn ti ìgbàlà. Kí ló tún kù? Àfi bó ṣe dìde ní ìjọ Baptist wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lásìkò ẹ̀rí, tó ní òun ti forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbègbè, pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà.

Ìjọ ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín ọ̀hún ní ìbéèrè nínú. Nígbà tó padà jókòó, Verlean Mabry fi ìgbúnwọ́ gún un níhà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Verlean, orí àga kan náà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú.

"Lavonia, ta ló bú ẹ? Ní ọjọ́ orí wa yìí, kí lo tún fẹ́ lọ kọ́?"

"Òfin."

"Òfin! Mẹ́wàá tí Mósè gbé sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ṣó o ti pa á mọ́ tán ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó pásítọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Kì í ṣe eré ló gbé Lavonia débẹ̀ o. Bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ kan rí lẹ́yìn odò. Bàbá kú láìpín in, àwọn ọmọ kò sì mọ ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ pákó ti gbin igi ahóyaya sí orí oko tí wọ́n ti ń ká ẹ̀wà. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́kàn Lavonia pé ó yẹ kí ẹnì kan láàárín àwọn ènìyàn òun mọ òfin. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lọ kọ́ ọ, ó gbé báàgì kọ́, ó lọ fúnra rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, láàárín ṣọ́ọ̀bù onítáyà àti ibi tí wọ́n ti ń din ẹja. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kéré sí ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn. "Mísì Lavonia" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Castleberry ló ń kọ́ wọn, lọ́yà àgbà kan tó ti fi iṣẹ́ kóòtù sílẹ̀, tí kì í bọ́ bàtà adaran lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ní màlúù kan ṣoṣo láyé.

Ohun tí ọkùnrin yìí fi ṣe orin fún wọn ni pé amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà kì í ṣe lọ́yà. "Ẹ lè wá òfin rí," ó ní. "Ẹ lè tẹ ìwé, ẹ lè to ẹjọ́ jọ fún ọ̀gá yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ fún ẹnì kan pé 'ṣe báyìí' tàbí 'má ṣe báyìí,' ẹ ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà láìgbàṣẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n á lé yín níbí, wọ́n sì lè gbé yín lọ síwájú adájọ́."

Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára, ó ní kí wọ́n ṣe é bí eré. Òun yóò jẹ́ aráàlú tó ní ìṣòro, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì jókòó sídìí tábìlì bí òṣìṣẹ́. Marisol ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lójú mọmọ.

Castleberry da ojú délẹ̀, ó ń sunkún. "Ìyàwó mi ti gbé mọ́tò mi lọ! Ajá mi wà nínú ẹ̀! Ẹ gbà mí, ṣé kí n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé kó tó padà wá kó ìyókù?"

"Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá, sà!" ni Marisol wí.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Castleberry nu ojú rẹ̀. "Marisol, ẹ̀wọ̀n lo wà báyìí. A ó máa gbé oúnjẹ wá fún ẹ."

Nígbà tó kan Lavonia, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń nà án ní ìdáná ilé-ìwé nígbà tí ọmọ kan bá fẹ́ gba àkàrà òyìnbó lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó dùn mí fún yín. N kò lè fún yín ní ìmọ̀ràn lórí òfin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mi bá yín sọ̀rọ̀." Castleberry sunkún síwájú sí i, ó dárúkọ ajá, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lavonia kò yẹsẹ̀. Gbólóhùn kan náà ló ń tún sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀yẹ, bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́ kí ọmọ tó ń sùn má baà jí.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é!" ni Castleberry wí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ìyá àgbà.

Àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà bá a délé. Bó bá ń fọ abọ́, á wí gbólóhùn náà fún fèrèsé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí díákónì bá béèrè ọ̀rọ̀ ọgbà tó pín òun àti aládùúgbò rẹ̀ níyà, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan béèrè ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ, gbólóhùn yẹn ni wọn yóò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní "Lọ́yà Mi-Ò-Lè-Sọ." Kò bínú. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ ẹni tí àwọn onípò ń sọ fún pé kò ṣeé ṣe. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí kò-ṣeé-ṣe tirẹ̀ ni, èyí tó ní iyì, èyí tó gba ìwé kó tó mọ̀ ọ́n sọ. Ìgbéraga kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Bó bá ń pariwo ni, àwa onígbàgbọ́ ìbá ti tètè lé e síta.

Nígbà tó ṣe, Alvin, ọkọ Verlean, kú. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń gé koríko. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, àwọn obìnrin ìjọ se oúnjẹ sí gbọ̀ngàn: adìẹ díndín, ẹ̀wà tútù, makaróní oníwàràkàṣì, kéèkì olómi ọsàn. Dwight wá láti Dallas, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún Alvin. Ó sunkún bó ti yẹ kí ọmọ sunkún bàbá rẹ̀. Ó jẹ itan adìẹ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló rìn lọ sí ilé tí bàbá rẹ̀ kú sí, ó ń wo òrùlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni Verlean gbé agbọ̀n ẹ̀wà tútù kan wá sí iwájú ilé Lavonia. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń bó o. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́: bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, wọ́n á wá nǹkan tí ọwọ́ yóò máa ṣe.

"Dwight ti bẹ̀rẹ̀," ni Verlean wí.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ilé ìyá bàbá òun ni. Kò purọ́, ìyá Alvin ló fi í sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ò lé mi o, pé kí n kàn bá òun rò ó. Ẹni tó ní 'ẹ bá mi rò ó,' tó sì ti mú okùn ìwọnlẹ̀ dání, ṣé èrò ló fẹ́ kí n rò?"

Lavonia rẹ́rìn-ín díẹ̀. Verlean kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ó tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyàwó ẹ̀ ti ń sọ nípa àwọ̀ tí wọn ó fi kun yàrá. Patrice, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Longview. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lò ń kàwé yìí. Ṣé kí n kó jáde ni, àbí kí n jókòó?"

Lavonia mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa jẹ ẹ́ lọ́kàn fún ìyókù ayé rẹ̀ nìyẹn, pé ó mọ̀ ọ́n. Òun tó fẹ́ràn kó máa kàwé síwájú kí olùkọ́ tó débẹ̀ ti ka orí tó sọ̀rọ̀ opó, ó sì ti fa ìlà pupa sí i nídìí. Òfin Texas ní ẹnikẹ́ni ì báà jogún ilé, opó tí ọkọ rẹ̀ fi sínú ilé náà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí ayé rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Dwight lè ní ilé, kò lè lé Verlean. Ọ̀rọ̀ náà gòkè, ó dé ọ̀nà ọ̀fun: *Jókòó sílé ẹ, Verlean.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ó rántí Marisol àti ẹ̀rín kíláàsì. Ó ro ohun tí Dwight lè ṣe bó bá gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó ro kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí wọn yóò ṣe yọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run tó mọ inú sì mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó dùn mí fún yín," ó ní. "N kò lè fún yín ní ìmọ̀ràn lórí òfin. Ẹ lọ rí lọ́yà."

Verlean wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. "Yín? Èmi àti ta ni?"

"Verlean, òfin iṣẹ́ wa ni."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé o ti níṣẹ́ ni? Lavonia, èmi ni mo di irun ìgbéyàwó ẹ. Owó wo ni mo fẹ́ fi rí lọ́yà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó pósí?"

"Mi ò lè sọ ni. Tí mo bá sọ, wọ́n á lé mi."

Verlean wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbọn èèpo ẹ̀wà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Kò burú, Madam Lọ́yà," ó ní. "Fún mi ní abọ́ yẹn, ká bó o tán." Wọ́n sì bó o tán.

Ní ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Verlean kò sí níbẹ̀. Pásítọ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Ó ní kí ìjọ kọ́gbọ́n lára ìyá kan láàárín wọn, pé ní ọ́fíìsì òun ni Arábìnrin Mabry ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọmọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú òun, láìsí ìjà, láìsí èébú, tó ní, "Mo ti lọ, mi ò padà wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí Alvin sinmi." Pásítọ̀ ní alábùkún fún ni àwọn onílàjà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Lavonia náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ ẹni tó bu yìnyín.

Kíláàsì dé orí ọ̀rọ̀ opó lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde. Castleberry ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Lavonia ti kà á. Lavonia nawọ́.

"Sà, bí opó náà bá kó jáde ńkọ́?"

"Ó kù sí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń jáde. Bó bá lọ tọ́jú aláìsàn, tó lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ, ilé ẹ̀ ṣì ni. Bó bá jáde pé òun ò tún padà wá mọ́, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ ti ilẹ̀kùn."

Lavonia kò gbọ́ ìyókù. Nígbà tí àwọn ọmọ túká, ó dúró sí iwájú tábìlì ọkùnrin náà, ó sì rò ó fún un, láti orí ẹ̀wà bíbó títí dé kọ́kọ́rọ́. Castleberry yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Tillery, ẹ sọ fún un pé àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ wà lẹ́yìn kóòtù?"

"Rárá, sà."

"Ẹ sọ fún un pé ìwé òfin wà ní láíbìrì, pé ẹnikẹ́ni lè lọ kà á?"

"Rárá, sà."

"Ẹ sọ fún un pé kó má tíì ṣe nǹkan kan títí yóò fi bá ẹnì kan sọ̀rọ̀?"

"Sà, ẹ ní ká má sọ 'ṣe báyìí, má ṣe báyìí.'"

Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀. "Mo ní kí ẹ má ṣe lọ́yà. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ọ̀rẹ́. Bóyá mi ò sì sọ ìyẹn tó. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀." Ó dára tó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí ẹlòmíràn bá bá ni gbé, kì í dín èyí tó wà lórí ẹni kù.

Lavonia wakọ̀ lọ sí Longview lọ́jọ́ kejì. Yàrá àwọn ọmọkùnrin Patrice ni Verlean wà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí wọ́n ya mọ́tò ìdíje sára aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí i. Àwọn fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun tí yàrá kan odindi wà fún fìlà rẹ̀ nílé.

"Lọ́yà dé," ni Verlean wí. "Jókòó sórí mọ́tò pupa yẹn. Àwọ̀ ewé yìí ti bà jẹ́."

Lavonia ní òun fẹ́ gbé e lọ rí àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́. Kò sọ ju ìyẹn lọ. Verlean wọ bàtà, ó mú fìlà kan, wọ́n lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbà wọ́n, Lọ́yà Pham, ojú rẹ̀ rẹwà, ó sì fara balẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Verlean ohun tí òfin wí nípa opó. Lavonia ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ bí Verlean ṣe mí kanlẹ̀.

"Ẹ ní ǹ bá ti lè jókòó?"

"Títí ayé yín, Mà."

"Kí Dwight sì máa wò mí?"

"Kó máa wò yín, Mà. Kó máa wò títí á fi sú u."

Verlean rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tí kò dé ojú. Lọ́yà Pham sún mọ́ tábìlì. "Ìyá Mabry, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dá mi lóhùn, torí ẹ máa búra sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀, ṣé ó wà lọ́kàn yín pé ẹ ó padà?"

Verlean yí ojú sí Lavonia. Ó ń dúró de ohun kan. Lavonia mọ èsì tó yẹ kó wá, ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré: bẹ́ẹ̀ ni. Àní bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tiẹ̀ fi orí dá a lóhùn, ó tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ tòótọ́ ìbá gbà kọjá nígbà yẹn ti di, irọ́ nìkan ló kù tó lè kọjá níbẹ̀ báyìí. Lavonia kò lè bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó fi Bíbélì búra irọ́ nítorí ohun tí òun fi pamọ́. Ó wo ilẹ̀.

"Rárá," ni Verlean wí. "Mo lọ pátápátá ni. Mo sọ ọ́ níwájú pásítọ̀, ó sì ti ọkàn mi wá. N kò ní tìtorí ilé parọ́ níwájú Ọlọ́run."

Lọ́yà Pham fi bírò lélẹ̀. Ó ní òun ṣì lè kọ̀wé sí Dwight, ká wò ó bóyá yóò fi nǹkan díẹ̀ ṣàánú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú inú rere. Ṣùgbọ́n Verlean àti Lavonia mọ irú ẹni tí Dwight jẹ́.

Nínú mọ́tò, Lavonia wa ọkọ̀ títí wọ́n fi jáde nílùú kó tó lè sọ̀rọ̀. "Verlean, mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kà á."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀?"

"Ṣebí mo wo ojú ẹ. Mo ti ń wo ojú yẹn láti ìgbà tá a wà ní kékeré, mo mọ̀ nígbà tí nǹkan bá wà lẹ́yìn ẹ̀." Verlean tún fìlà tó wà lórí itan rẹ̀ gbé kalẹ̀. "Mo wá ní, Lavonia mọ nǹkan kan tí kò lè sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé nǹkan rere ni, kò ní lè pa á mọ́, á ti bú jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé òfin ò sí lẹ́yìn mi rárá, pé ojú ló ń tì ẹ́ láti sọ fún mi. Ìyẹn ni mo fi kó jáde. Mo ní kí n lọ kí wọ́n tó fi ọlọ́pàá lé mi."

Lavonia gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mì wọ́n. Ó fẹ́ sọ pé jọ̀ọ́, ó fẹ́ sọ pé dárí jì mí, ó sì sọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kó dá ṣáká.

"Mo gbọ́," ni Verlean wí. "Mo ti dárí jì ẹ́, torí Jésù ò fún mi láyè láti má dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n má bi mí ìgbà tí màá wá jókòó síwájú ilé ẹ." Ó bojú wo ọ̀nà. "Wakọ̀. Àwọn ọmọ Patrice máa dé láti ilé-ìwé, mo sì ní láti ti kúrò ní yàrá wọn kí wọ́n tó wọlé."